Ààlọ́ Ọ̀sán ní Ìyìn

Orí ọ̀kadà ni Fọláwùnmí wà nígbà tí Ayọ̀rìndé kọ́kọ́ rí i. Ọyẹ́ mú gan-an láàárọ̀ ọjọ́ náà, eruku ti kun gbogbo ojú rẹ̀ lẹ́fun, ó sì di páálí ìwé kan mọ́ àyà bí abiyamọ tó ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ láti ọsibítù. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ nìkan ló sì mọ́ lára rẹ̀. Ayọ̀rìndé tó jẹ́ tísà, tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, gbàgbé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn káàbọ̀.

"Ṣé ibí ni ilé ìkàwé àwọn ọmọdé? Èmi ni mo pè yín lórí fóònù pé mò ń bọ̀ wá kàwé fún wọn."

"Ibí ni. Ẹ jẹ́ n bá yín gbé páálí yẹn."

"Ẹ kọ́kọ́ bá mi wá omi tí n ó fi bọ́jú, Tísà, káwọn ọmọ má baà rò pé iwin ló wá kàwé fún wọn."

Ìgèdè ni wọ́n ti bí Fọláwùnmí, Adó ló ń gbé. Ìwé ìtàn ọmọdé ló ń kọ, a sì máa gbé e kiri ilé ìwé kí ojú àwọn ọmọ lè là sí ìwé kíkà. Ilé ìkàwé tó wá sí ní Ìyìn yìí, ilé ìyá ìyá Ayọ̀rìndé ni. Ó ti ṣófo tipẹ́tipẹ́ kí Ayọ̀rìndé tó kùn ún lọ́dà, tó to ìwé sínú rẹ̀. Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé náà, òjìji rẹ̀ kì í kúrò lójú fèrèsé ẹ̀yìn.

Fọláwùnmí jókòó láàárín àwọn ọmọ, ó ṣí ìwé rẹ̀. "Ààlọ́ o."

"Ààlọ̀," ni gbogbo wọn dáhùn.

"Ààlọ̀," ni ohùn obìnrin kan tún dáhùn lẹ́yìn tí wọ́n ti dákẹ́.

Ẹ̀yìn pẹpẹ ìwé tó kángun sí ògiri ló ti wá. Àwọn ọmọ rò pé tísà wọn kan ló wà níbẹ̀. Ayọ̀rìndé mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ó rọra yí lọ wò, ó bá aláǹgbá kan àti eruku. Nígbà tó gbójú sókè, Fọláwùnmí ń wò ó.

"Ṣé ẹ gbọ́ ọ?" ló béèrè nígbà táwọn ọmọ lọ tán.

"Mo gbọ́. Àpáta ni. Ó máa ń dá ohùn padà."

"Àpáta yín, ṣé obìnrin ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù sì ń ba àwọn méjèèjì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, wọ́n sì mọ̀. Bóyá ẹ̀rù yẹn ló kọ́kọ́ so wọ́n pọ̀, torí ẹni méjì tó bá jọ ń pa irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́ra kì í pẹ́ di ọ̀rẹ́.

Fọláwùnmí wá ń wá ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Nígbàkigbà tó bá pe ààlọ́, ohùn náà á dáhùn kẹ́yìn. Bó bá parí, Ayọ̀rìndé á sìn ín dé ibùdókọ̀, wọ́n á máa jẹ bọ̀ọ̀lì lọ lójú ọ̀nà. Níbẹ̀ ni Ayọ̀rìndé ti béèrè oríkì Fọláwùnmí lọ́jọ́ kan.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ máa fi pè ọ́ ni."

"Àbẹ̀kẹ́," ló wí, ó sì yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má baà rí ẹ̀rín òun.

"Àbẹ̀kẹ́ mi, wá bá mi kí ìyá mi."

Ìyá ìjọ ni Màmá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkàn. Ó gún iyán dè wọ́n, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e síwájú àlejò. Inú rẹ̀ dùn títí ó fi béèrè pé, "Uṣẹ́ kí lò ń ṣe, ọmọ mi?"

"Mo ń kọ ààlọ́ sínú ìwé, Mà, mo sì ń kà á fún àwọn ọmọ nílé ìwé."

"Nígbà wo?"

"Lọ́sàn-án, Mà, nígbà tí wọ́n bá wà ní kíláàsì."

Màmá gbé iyán náà kúrò níwájú rẹ̀.

"A kì í pààlọ́ lọ́sàn-án. Ẹni tó bá pa á, yèyé rẹ̀ a kú. Bí o bá fẹ́ ọmọ mi, èmi náà di yèyé rẹ nìyẹn. Ṣé mo jọ ẹni tó fẹ́ kú?"

Nígbà tí wọ́n dé títì ni Ayọ̀rìndé tó là á yé e. "Nígbà tí Màmá wà lọ́mọdé, ó bẹ ìyá rẹ̀ pé kó pààlọ́ fóun lọ́sàn-án gangan. Ìyá pe ààlọ́, ó ní, 'Ó dá lórí ọmọbìnrin kan,' ló bá ṣubú. Kò dìde mọ́. Màmá gbà pé òun lòun pa á. Ó fún mi ní ilé náà, ṣùgbọ́n látọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò wọ ibẹ̀ mọ́. Ìwé ẹ̀kọ́ nìkan ló rò pé a ń kà níbẹ̀."

Fọláwùnmí dúró. "Ilé ìkàwé yẹn náà ni?"

"Òun ni."

"Nígbà náà, o mọ ẹni tó ń dá mi lóhùn."

"Ìyá ìyá mi ni," ni Ayọ̀rìndé wí.

"Mo fẹ́ràn rẹ, Ayọ̀, ọkàn mi mọ̀ ọ́n," ni Fọláwùnmí wí. "Ṣùgbọ́n bí Màmá bá húkọ́ lásán, èmi ni gbogbo ilé á máa wò. Jẹ́ n wá dágbére fáwọn ọmọ lọ́jọ́bọ̀, kó parí síbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà dun Ayọ̀rìndé wọnú eegun.

Lọ́jọ́bọ̀ yẹn, oòrùn wà ní àtàrí nígbà tí Màmá yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti gbọ́ pé ọmọbìnrin náà tún wá, ó sì wá lé e ni. Fọláwùnmí rí i, ó pa ìwé dé, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Mi ò ní kà á."

Láti ẹ̀yìn pẹpẹ ìwé, láìsí ẹni tó pè é, ohùn náà ní, "Ààlọ́ o."

Kò sí ọmọ kankan tó mira. Màmá di òpó ẹnu ọ̀nà mú. Ohùn kékeré, bíi ti ọmọdé, ló jáde lẹ́nu rẹ̀.

"Ààlọ̀."

"Ó dá lórí ọmọbìnrin kan…"

Ó dákẹ́ síbẹ̀. Gbogbo wọn dúró, wọn kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Màmá wọlé, ó jókòó sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ, ó na ẹsẹ̀, omijé sì ń wẹ̀ ẹ́ lójú.

"Ibẹ̀ náà ló dá a dúró sí," ló wí. "Parí ẹ̀ fún mi, ọmọ mi."

Fọláwùnmí kò ṣíwèé. Ó pààlọ́ ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ lọ sódò tí kò bọ̀, tí ọmọ náà jókòó sétí odò títí irun rẹ̀ fi funfun, títí omi fi sọ fún un pé, "Dìde ńbẹ̀. Lọ dáná, àwọn ọmọ rẹ ń bọ̀ wá jẹun."

Nígbà tó parí, Màmá fọwọ́ kan àyà ara rẹ̀. Ọ̀sán ṣì ni. Kò kú.

Ó kọjú sí Ayọ̀rìndé. "Ẹni tí yèyé mi fi ààlọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́, ta lèmi tí n ó kọ̀ ọ́? Ẹ jẹ́ á lọ sí ulé. Mo jẹ ọmọ yìí níyán."

Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìgèdè. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Fọláwùnmí tún jókòó láàárín àwọn ọmọ. "Ààlọ́ o," ló wí.

"Ààlọ̀," làwọn ọmọ dáhùn.

Ayọ̀rìndé di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì tẹ́tí sí ẹ̀yìn pẹpẹ ìwé, wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ti fẹ́ máa dùn wọ́n nígbà tí Màmá, lórí àga tó gbé wá láti ilé, dáhùn lẹ́yìn gbogbo èèyàn.

"Ààlọ̀."

Ohùn yẹn gan-an ni.