Rìsíìtì Ọjọ́ Mọ́ńdè

"Ẹ mú ẹ̀rí wá!" Ọ̀rọ̀ kan náà ni lọ́yà ilé-iṣẹ́ tó ni lọ́rì ń tẹnu mọ́ ṣáá. "Bàbá, a gbà pé dírẹ́bà wa ló gbá yín ní Ìyànà Ìpájà. Ẹ ṣáà fi hàn wá pé lóòótọ́ lẹ ń rí iye owó tẹ́ ẹ pè yẹn lóṣù nídìí iṣẹ́ yín."

Télọ̀ ni Nùrẹ́nì ní Ìkòtún. Láti ọjọ́ tí lọ́rì ti gbá a, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di àlùmọ́gàjí mú mọ́.

"Ẹ̀rí wo tún ni? Ta ló ń gba rìsíìtì lọ́wọ́ télọ̀? Ẹ bi àwọn tí mo ránṣọ fún!"

"Ó dáa. Ẹ mú ẹni tó mọ iṣẹ́ yín wá lọ́jọ́bọ̀."

Sìkírátù, ọmọ rẹ̀ tó tẹ̀ lé e lọ, bínú délé. Ẹ wo ìyà! Bàbá tó ń fi maṣíìnì ìránṣọ rán an níléèwé kò lè de bọ́tìnnì ara rẹ̀ mọ́, ìdánwò wáẹ́ẹ̀kì ọdún 1988 sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bí wọn kò bá san owó iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni wọn yóò máa jẹ?

Lucy, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló dá a lámọ̀ràn. "O tún ń sunkún! Ra ìwé rìsíìtì, kó o kọ ọ́ fún wọn jàre. Àbí bàbá ẹ ò ṣiṣẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí. Ẹ̀rí ẹnu lásán? Lọ́yà yẹn kò ní gbà! Ó kọ rìsíìtì, ó fi déètì oríṣiríṣi sí wọn, ó sì rọra kì wọ́n bọ àpòòwé tí bàbá rẹ̀ kó ìwé ọsibítù sí, láìsọ fún un.

Lọ́jọ́bọ̀, Alàgbà Akínlẹ́yẹ, alága ẹgbẹ́ àwọn télọ̀, bá wọn lọ. Ó ní Nùrẹ́nì ló ń rán yunifọ́ọ̀mù fún iléèwé méjì, àwọn ọ̀gá iléèwé náà sì ṣetán láti jẹ́rìí. Lọ́yà ń mi orí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí àpòòwé tí Nùrẹ́nì gbé fún un.

"Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹ kì í kọ rìsíìtì?"

Nùrẹ́nì wo bébà, ó wo ọmọ rẹ̀. Lọ́yà na àwọn rìsíìtì náà sí alága. "Alàgbà, ẹ bá wa wò ó. Ṣé òótọ́ ni?"

Ojú Akínlẹ́yẹ yí padà. "Mọ́ńdè àkọ́kọ́ oṣù kẹta... Háà! Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ wa nìyí. Kò sí télọ̀ tó ń ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà ní Ìkòtún. Ẹni tó bá dán an wò yóò san owó ìtanràn. Ẹ̀gbẹ́ mi ni Nùrẹ́nì jókòó sí. N ò lè purọ́."

Iléèwé ni Sìkírátù máa ń wà ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè. Níbo ni ì bá ti mọ̀?

Lọ́yà pa fáìlì dé. "Bí ìwé yín bá jẹ́ irọ́, báwo la ṣe fẹ́ gba ẹlẹ́rìí yín gbọ́? Owó ọsibítù nìkan la máa san."

Ẹ̀bẹ̀ Akínlẹ́yẹ kò yí i lọ́kàn padà. Ní ìta, alága kọjú sí Sìkírátù. "Ta ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́? Ẹnu wa ti tó, lọ́yà ti ń gbà!"

Sìkírátù kúnlẹ̀ sínú eruku níwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni."

Kó tó di ìparí oṣù, wọ́n ta maṣíìnì kí wọ́n lè rówó jẹun, Sìkírátù kò sì rówó jókòó ṣe ìdánwò lọ́dún náà. Ẹni tí òtítọ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó má ṣe fi irọ́ kún un, nítorí irọ́ díẹ̀ ló ń ba òtítọ́ púpọ̀ jẹ́.

Nùrẹ́nì kò nà án, kò sì ṣépè. Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé maṣíìnì lọ, ó kàn ní, "Wọ́n ní òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Tèmi ti rí oníbàárà, Sìkírá. Ìwọ lo lé e lọ."