Epo Inú Tiransifọ́mà Wa

Ta ni kò mọ ànàmọ́ díndín Ìyá Tiyamike ní ìdí ọjà wa ní Phalombe, nílẹ̀ Màláwì? Bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, àwọn ọlọ́kadà á ti pé yí agbada rẹ̀ ká, kálukú á máa ṣa tirẹ̀ jẹ ní gbígbóná, pẹ̀lú iyọ̀ àti kábéèjì.

Lọ́jọ́ kan, Wyson tó ń bá a ṣẹ́ igi ìdáná gbé kẹ́ẹ̀gì dúdú kan wá.

"Ìyá, epo rèé. Kò wọ́n rárá, kì í sì í tètè gbẹ."

"Irú epo wo lèyí, Wyson? Òórùn ẹ̀ yàtọ̀."

"Ẹ tún ti ń bi mí bí ọlọ́pàá! Ṣé epo lẹ fẹ́ ni àbí ìtàn?"

Ìyá Tiyamike mọ̀. Àwa náà mọ̀. Inú tiransifọ́mà tuntun tó wà lórí òpó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń fa irú epo bẹ́ẹ̀. Àwọn orílẹ̀-èdè tó ń bá ìjọba wa tún ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ṣe ló bá wa gbé ẹ̀rọ náà wá.

"Ti òyìnbó mà ni," Wyson ní. "Bó bá bàjẹ́, wọ́n á gbé òmíràn wá."

Ìyá Tiyamike rà á. A jẹ ànàmọ́ náà, a tún lá ọwọ́.

Ìgbà òjò ni Tiyamike, ọmọ rẹ̀, bímọ láìpé oṣù. Ọmọ náà kéré bí ọmọ ológbò. Nọ́ọ̀sì gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń móoru, ó fi ẹ̀rọ atẹ́gùn sí i nímú, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ìyá àgbà jó. Ó sọ ọ́ ní Chikondi, ìyẹn Ìfẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, tiransifọ́mà dún gbàù, èéfín sọ, iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìwòsàn ti kú tipẹ́. Tiyamike so ọmọ mọ́ àyà, wọ́n wá ọkọ̀ tí yóò gbé wọn lọ sí ọsibítù ńlá. Ẹrẹ̀ ti bo ọ̀nà, ọkọ̀ sì rì sínú rẹ̀. Inú ẹrẹ̀ yẹn ni Chikondi dákẹ́ sí.

Fanizo Mkwate, obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń tún iná ṣe ní agbègbè wa, wá wo tiransifọ́mà náà. Ó yà sílé ọ̀fọ̀ láti kí wọn.

"Ọmọ mi," Ìyá Tiyamike bi í, "kí ló pa iná?"

"Wọ́n fa epo inú ẹ̀rọ ni, Ìyá. Epo yẹn ló ń mú un tutù. Tí kò bá sí mọ́, á jóná."

"Ṣé àwọn òyìnbó ò ní gbé òmíràn wá ni?"

"Ìyá, wọn kì í ṣe Bàbá Kérésìmesì. Wọ́n fún wa lówó díẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀yáwó ni ìyókù, àwa àtọmọ wa la máa san án. Wọ́n sì ti sọ pé bá ò bá lè ṣọ́ èyí tá a gbà, àwọn ò ní fi kún un. Ìgbà tí òmíràn máa dé, mi ò mọ̀."

"Olórí burúkú wo ló ń rà á?" obìnrin kan figbe ta.

"Àwọn tó ń dín nǹkan tà ni. Májèlé sì ni fún ẹni tó bá jẹ ẹ́."

Tiyamike gbójú sókè, ó wo ìyá rẹ̀.

"Màmá, kẹ́ẹ̀gì yẹn ṣì wà lẹ́yìn ilé."

Ìyá Tiyamike fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Wyson ti sá lọ.

Ẹ̀yin ará wa, bí ẹnikẹ́ni bá gbé epo tí ẹ ò mọ orísun rẹ̀ wá, ẹ má rà á. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń gun òpó iná tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, ẹ ké sí baálẹ̀, ọlọ́pàá tàbí iléeṣẹ́ mànàmáná. Ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ má sì sọ pé ti òyìnbó ni. Òyìnbó kì í bímọ sí ilé ìwòsàn wa.

Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, àtùpà ni wọ́n fi ń gbẹ̀bí níbẹ̀.