Láptọ́ọ̀pù Tí Ikùn Rẹ̀ Wú

"Ó ń yí o! Ẹ wò ó, ó tún ń yí!" Martha pàtẹ́wọ́, ó sì fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù Lájídé ní Kàbà.

Lájídé ti ká ojú láptọ́ọ̀pù náà sẹ́yìn, ó gbé e dúró lórí tábìlì bí òrùlé ilé, àwòrán sì ń kọjá lójú rẹ̀. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń ṣe. Ẹ fẹ́ kọ̀wé, ẹ ṣí i bí ìwé. Ẹ fẹ́ kàwé lórí ibùsùn, ẹ ká a sẹ́yìn, ó di wàláà. Tòkunbọ̀ gidi ni. Kì í ṣe ọjà olówó gọbọi, kì í sì í ṣe gbàrọgùdù."

Bàbá Martha, tí ń jẹ́ Hezekiah, kò wo láptọ́ọ̀pù náà rárá. Adédùntán, ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀, ni ó ń wò. Àgbẹ̀ kájú ni baba yìí ní ìlú Ìyàrá. Ìdánwò JAMB ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sórí kọ̀ǹpútà nígbà náà, kájú tí ó kórè lọ́dún yẹn ni ó sì tà kí Martha má bàa jókòó síwájú ẹ̀rọ tí kò fọwọ́ kàn rí.

Ó ní, "Dùntán, èmi ò mọ iwájú rẹ̀ yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Yẹ̀ ẹ́ wò fún wa. Bí o bá ní ó dára, a ó gbé e. Bí o bá ní kò dára, a ó máa lọ sílé."

Adédùntán fà á mọ́ra. Ó tàn án, kò sì pẹ́ tí ó fi jí. Ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ló ṣiṣẹ́. Ó fi ìka kan ojú rẹ̀, ó gbọ́ràn. Oríkèé tí ó fi ń yí kò dún, kò sì mì. Inú ọmọbìnrin náà dùn. Ó wá fẹ́ pa á dé.

Kò dé. Ó tẹ̀ ẹ́. Etí kan balẹ̀, èkejì dìde. Ó fi í lélẹ̀ lórí tábìlì, ó ń mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú. Ó fọwọ́ pa ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí bátìrì wà. Ikùn rẹ̀ wú. Ìgbà yẹn ni ó yé e ìdí tí Lájídé fi ń gbé e dúró bí òrùlé: bí ó bá wà bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí yóò fura.

Ó gbójú sókè. Lájídé ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin yìí ni Adédùntán ti ń kọ́ kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́ láìsan kọ́bọ̀. Lájídé sì ti ṣèlérí pé òun yóò ya ẹ̀rọ kan sọ́tọ̀ fún un títí di ọjọ́ ìdánwò.

"Ọ̀gá mi kékeré," ni Lájídé wí, "ó mà pẹ́ o. Àbí o fẹ́ bi í léèrè orúkọ ìyá rẹ̀ ni?"

Martha bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dára," ni Adédùntán wí.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Bàbá Martha kò tún béèrè nǹkan kan mọ́. Ó gbàdúrà fún Adédùntán, òun àti ọmọ rẹ̀ sì gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí Ìyàrá.

Láti ọjọ́ náà, iná mànàmáná kò wá rárá, yálà ní Kàbà tàbí ní Ìyàrá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Adédùntán ti ilé-ìwé yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀yìnkùlé ni ó ti bá Lájídé, tí ó fi ẹ̀mú gbé nǹkan dúdú kan jìnnà sí ara bí ẹni tí ó gbé òkú ejò. Ó jù ú sínú korobá, ó sì ń bu iyanrìn bò ó.

"Bọ̀dá, kí lẹ ń sin?"

"Bátìrì ni. Ó ti wú. Irú èyí kì í gbé inú ilé. Bí wọ́n bá lọ kì í bọ iná, ó lè bẹ́ lójijì."

Adédùntán ní, "Ti Bàbá Martha ńkọ́?"

"Kí ló ṣe é?"

"Ikùn rẹ̀ wú. Ẹ mọ̀ pé ó wú."

Lájídé kò gbójú sókè. Ó rọra sọ pé, "Ìwọ lo yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwọ lo ní ó dára. Ṣé èmi ni?"

Ariwo sọ lójú títì. "Iná ti dé! Iná ti dé o!" Àwọn ọmọdé ń hó yèè. Bí iná bá ti dé Kàbà, ó ti dé Ìyàrá náà, Martha kò sì ní dúró kí ó tó ki láptọ́ọ̀pù rẹ̀ bọ iná. Adédùntán pe fóònù Martha. Kò lọ. Ó tún un pè. Kò lọ.

Ó sáré bọ́ sójú títì, ó dá ọlọ́kadà dúró. "Ìyàrá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré!"

"Ṣé kò sí o? Àbí ẹnì kan kú ni?" ni ọlọ́kadà béèrè.

Adédùntán ti gun ẹ̀yìn ọ̀kadà. Ìyá Àgbà, ìyá Bàbá Martha, ni ó ń rò. Inú yàrá Martha ni ìyá arúgbó náà ń sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbé e mọ́. Ní ọ̀nà, ó rí èéfín lókè igi, ó kígbe. Ọlọ́kadà ní àgbẹ̀ kan ló ń sun oko. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yí igun kọ̀ọ̀kan ni ó ń dijú, ó sì ń bẹ Ọlọ́run.

Nígbà tí wọ́n dé, èrò ti kún iwájú ilé. Èéfín dúdú ń tú lójú fèrèsé. Ìyá Àgbà jókòó lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n fi aṣọ bò ó, ó ń wúkọ́. Martha ń sunkún. Bàbá Martha dúró, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà nínú abọ́ omi, awọ rẹ̀ ti bó. Ọwọ́ yẹn ni ó fi ju láptọ́ọ̀pù tí ń jó kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì kí ó tó gbé ìyá rẹ̀ jáde.

"Okun o, ọmọ mi," ni Ìyá Àgbà kí i. "O káre tí o wá."

Obìnrin kan ní, "Iná tí wọ́n mú wá yìí ló le jù." Gbogbo èèyàn ní bẹ́ẹ̀ ni. Adédùntán gbọ́. Bí ó bá dákẹ́, iná mànàmáná ni wọn yóò dẹ́bi fún.

Bàbá Martha yíjú sí i. "Dùntán, láti Kàbà? Ta ló sọ fún ọ pé ilé wa ń jó?"

Adédùntán kúnlẹ̀. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi, Bàbá. Mo rí i lọ́jọ́ tí ẹ rà á. Ikùn rẹ̀ wú. Ẹ̀rù bà mí pé Bọ̀dá Lájídé yóò lé mi. Ni mo bá ní ó dára."

Martha dẹ́kun ẹkún, ó ń wò ó bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Bàbá Martha wo ìyá rẹ̀, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní nà ọ́. Ọwọ́ wo ni mo fẹ́ fi nà ọ́? Ṣùgbọ́n má pè mí ní Bàbá lónìí."

Àwọn àgbà ránṣẹ́ sí Lájídé, ó sì dá owó padà. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, ọwọ́ Hezekiah kò lè di ọkọ́ mú. Àwọn ẹlòmíràn ni ó bá a kọ ebè, Adédùntán sì wà lára wọn. Martha gbé omi wá fún gbogbo wọn lóko, kò bá Adédùntán sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọmọ wa, kò sí irọ́ kékeré lẹ́nu ẹni tí a gbẹ́kẹ̀ lé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ yẹ nǹkan wò, ẹ sọ àléébù rẹ̀ kí ẹ tó sọ ẹwà rẹ̀, ẹni yòówù kí ó máa tà á. Òtítọ́ tí ẹ bá fi ìbẹ̀rù pa mọ́ lónìí, ẹlòmíràn lè fi ara san án lọ́la.