Káfíńtà Tó Kọ̀ Láti Jà

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lára ọkọ mi, kí n tó rí ojú rẹ̀. Òun àti ọkùnrin kan ń lu ara wọn bọ̀ láti títì, wọ́n lu ara wọn wọ inú yàrá ìtọ́jú wa, wọ́n sì fọ́ àga méjì. Mo gbé bàsíà omi, mo dà á lé wọn lórí.

"Ẹ ò tiẹ̀ lójútì! Ṣé àgbò ni yín ni?"

Bí mo ṣe ń rán iwájú orí ọkọ mi yìí, ó ń wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín. Káfíńtà ni.

"Nọ́ọ̀sì, tí ẹ bá ní kí n má jà mọ́, mi ò ní jà mọ́."

"Má jà mọ́."

"Ó parí."

Ó tún àga méjèèjì ṣe, àmọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé wọn bọ̀, kó lè rí mi lẹ́ẹ̀mejì. Kí èkejì tó dé, ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára. "Ààyò mi" ló ń pè mí.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, alápatà tó tọ́ mi dàgbà, fárí gá. "Oníjà kọ́ ni yóò fẹ́ àbúrò mi. Ó máa lù ọ́ pa lọ́jọ́ kan!" Ẹ sì wá wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀ o, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń sá fún bó bá ti bínú!

Nígbà tó yá, ọ̀fìnkìn tó le bẹ́ sílẹ̀. Gbogbo ará ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ń sín. Káfíńtà mi náà pè mí lórí fóònù.

"Orí ń fọ́ mi, ààyò mi. Ọ̀fìnkìn wọn ló ràn mí."

Mo gbà á gbọ́. Nígbà tí mo ṣíwọ́ iṣẹ́ ni mo yà wò ó. Ó ti bì sílẹ̀, ó ń tòògbé. Mo fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀, ẹ̀rù sì bà mí.

Orí fífọ́ tí kòkòrò fáírọ́ọ̀sì ń fà kì í sábà dá wá. Ara á gbóná, imú á máa ṣomi, ọ̀fun á máa dunni, gbogbo oríkèé á máa ro. Ara ọkùnrin yìí tutù, imú rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ kan ni orí ti ń fọ́ ọ, ó sì ń le sí i. Mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú. Ọmọlójú kan tóbi ju èkejì lọ. Lẹ́yìn etí rẹ̀, ọwọ́ mi kan ibi tó wú.

"Ta ló lù ọ́?"

"Mi ò jà," ahọ́n rẹ̀ ti wúwo. "Mo ṣèlérí fún ọ."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o jà. Ta ló lù ọ́?"

Ó di ojú rẹ̀.

Mo sáré lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, nítorí òun nìkan ló ní ọkọ̀ nítòsí. Ó ń fi àáké gé itan màlúù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e dé ọsibítù ńlá."

"Nítorí ọ̀fìnkìn?"

"Kì í ṣe ọ̀fìnkìn. Wọ́n lù ú lórí ni. Ẹ̀jẹ̀ ń dà sínú agbárí rẹ̀."

Àáké bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò lè wò mí lójú, ó sì yé mi. Mo gbá a létí, gbogbo ọjà gbọ́ ọ.

"Bó bá kú, ìwọ lo pa á!" Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, n kò pè é ní ìwọ rí.

"Pákó ni," ohùn rẹ̀ já. "Mo fẹ́ kó bá mi jà, kí o lè rí i pé oníjà ni. Mo lù ú títí pákó fi dá. Kò gbé ọwọ́ sókè."

A wakọ̀ dé ilé olólùfẹ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dé inú ọkọ̀, tòun ti ẹ̀jẹ̀ màlúù láṣọ. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ fún dókítà. Wọ́n lu ihò sí agbárí olólùfẹ́ mi, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde.

Nígbà tó jí, ó wá ọwọ́ mi. "Ṣé o rí i pé mi ò jà?"

"Mo rí i, olólùfẹ́ mi. Èmi ni mo jà."

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, irun kò tíì bo àpá iṣẹ́ abẹ náà lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ló fà mí lé e lọ́wọ́. Ọkọ mi tẹ orí ba níwájú rẹ̀.

"Ẹ gbé ọwọ́ lé e, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ súre fún wa."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ tó mú pákó lé àpá náà. Ó la ẹnu, àmọ́ ẹkún ló jáde.