Káánẹ́ Ràyhánà Lọ́wọ́ Sùwéébátù

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Adjamé, àdúgbò kan nílẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, ẹ mọ irú àgbàlá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Yàrá mẹ́jọ, ẹnu ọ̀nà kan, ẹ̀rọ omi kan. Bí ẹnì kan bá ń din ata ní igun kan, gbogbo ilé ló máa wúkọ́. Áyọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti Ràyhánà ni, gbogbo ilé ló sì ń fi lọ aṣọ. Ọmọ odó kan ló wà, kò sẹ́ni tó tún rántí ẹni tó rà á. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń lo káánẹ́ ilé ìwòsàn, ìwé pélébé tí dókítà ń kọ ìtọ́jú sí. Ẹni tí kò bá ní tirẹ̀ a yá ti ẹlòmíràn.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 2009, Sùwéébátù kò lè jókòó, kò sì lè dúró. Ó di ògiri mú, ó fi í sílẹ̀, ó rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, ó padà. Oyún àkọ́kọ́ ni. Omi ti ń dà lára rẹ̀ láti ọ̀sán àná, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ó rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

"Láti àná?" Ràyhánà figbe ta. "Ìyàwó, ṣé o fẹ́ pa mí ni?"

Ràyhánà, ìyá Ìkírámù, ni ìyálé rẹ̀ nínú ilé náà. Ẹ̀gbọ́n ló fẹ́ Ràyhánà, àbúrò tó ń jẹ́ Rùfáì ló fẹ́ Sùwéébátù. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ti kó ike lọ tà ní Bouaké láti ọjọ́ Ajé.

Ràyhánà ṣí àpótí, ó fa káánẹ́ tí Sùwéébátù fi ń gba ìtọ́jú aboyún yọ. Orúkọ Sùwéébátù kọ́ ló wà lára rẹ̀. Ràyhánà ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ má tíì bá wọn wí, ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ ná. Nínú ìtàn tí mò ń sọ yìí, oṣù márùn-ún ṣáájú ọjọ́ náà ni ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí wọn gbé kọ̀ǹpútà wá, tí wọ́n ní ibẹ̀ ni àwọn yóò máa kọ ìtọ́jú gbogbo èèyàn sí. Adélànà, télọ̀ tó ń gbé yàrá ẹnu ọ̀nà, ló mú ìròyìn wọlé.

"Prímù ni wọ́n ń gbà o," ló wí. "Owó! Ìjọba ló ń san án fún wọn nítorí kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ bi ara yín, ta ló ń fowó ra orúkọ lásán? Ọlọ́pàá ni wọ́n ń kó orúkọ wa fún."

Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn. Wọ́n ti fagi lé káàdì séjour, ìwé ìgbélùú tí wọ́n fi ń yọ àjèjì lẹ́nu, ó ti tó ọdún méjì, ṣùgbọ́n ara Adélànà kò tíì gbà á gbọ́. Ọlọ́pàá ti fà á sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ gbáká rí lójú gbogbo èrò. Sùwéébátù ní tirẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìgbòho dé ni. Àyà rẹ̀ já.

"Gba tèmi," Ràyhánà sọ fún un. "Orúkọ tèmi ti wà lọ́dọ̀ wọn tipẹ́. Bí wọ́n bá ti pe Ràyhánà, kí o dìde."

"Bí wọ́n bá wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"O ò kúkú gbọ́ Faransé. Rẹ́rìn-ín sí wọn."

Oṣù márùn-ún gbáko ni Sùwéébátù fi ń rẹ́rìn-ín sí wọn.

Wọ́n wọ takisí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Adélànà bá wọn gbé báàgì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ pọ̀, oòrùn ti ń mú, Sùwéébátù sì di ọwọ́ ìyálé rẹ̀ mú pinpin.

"Ìyá Ìkírámù, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ yẹn o."

"Èwo?"

"Àmpísílìn. Èyí tí mo sọ fún yín lọ́jọ́ tí ẹ ń tú irun mi. Wọ́n gún mi nígbà tí eéwo mú mi ní Ìgbòho, ẹnu mi wú, ọ̀nà ọ̀fun mi dí. Wọ́n ní bí wọ́n bá tún gún mi, mo lè kú."

"Wọn ò ní gún ọ. Mo wà níbẹ̀."

Nígbà tí wọ́n dé, Solange, agbẹ̀bí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣiṣẹ́ òru, mú Sùwéébátù wọ inú yàrá lọ. Ràyhánà àti Adélànà kù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ní ojú fèrèsé ni Adéfọlákẹ́ jókòó sí, lẹ́yìn kọ̀ǹpútà. Ọmọ Yorùbá ni, Yopougon, àdúgbò míì nínú ìlú yẹn, ni wọ́n bí i sí, Faransé sì máa ń yọ́ wọ inú Yorùbá rẹ̀.

Solange yọjú. "Káánẹ́ sọ pé ọmọ kejì ni. Ó ń bẹ̀rù bí ẹni tí kò bí rí. Kí ni dósíè inú kọ̀ǹpútà wí?"

Adéfọlákẹ́ tẹ nǹkan, ó kà á síta: "Ràyhánà. Ó ti bí ọmọ kan. Ó ti gba àmpísílìn lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àlẹ́jì, kò sóògùn tí ara rẹ̀ kọ̀."

"Ó dáa. Àmpísílìn náà ni. Omi ti ń dà láti àná, a ò gbọdọ̀ jẹ́ kí àrùn ran ọmọ."

Faransé ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n Ràyhánà gbọ́ orúkọ oògùn yẹn ketekete. Ó dìde. Adélànà fa etí ìró rẹ̀.

"Ẹ jókòó," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Bí ẹ bá la ẹnu pẹ́nrẹ́n, àhámọ́ ni gbogbo wa máa sùn."

Ó jókòó. Ó tún dìde. Ó rìn dé ojú fèrèsé, ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ.

"Ọmọ mi, bá mi sọ fún wọn, ara rẹ̀ ò gba abẹ́rẹ́ yẹn."

Adéfọlákẹ́ wo kọ̀ǹpútà. "Ṣùgbọ́n ó ti gbà á deux fois, Tàǹtí. Ẹ̀ẹ̀mejì. Nǹkan kan ò ṣe é."

"Mo ní ara rẹ̀ ò gbà á!"

"Ẹ fara balẹ̀, Tàǹtí. Ó wà nínú dósíè. Ẹ wò ó."

Láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, Sùwéébátù ké: "Ìyá Ìkírámù o!" Ràyhánà bojú wo inú yàrá. Abẹ́rẹ́ ti wà lọ́wọ́ Solange, ó ń ta á ní ìka kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde.

Adélànà tún di ìró Ràyhánà mú, Ràyhánà já a gbà, ó fa kọ́tìnì sápá kan, ó ń lu àyà ara rẹ̀.

"Ẹ dúró! Moi, Ràyhánà! Èmi ni Ràyhánà!"

Adéfọlákẹ́ ti dìde lórí àga. "Ta wá ni ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Sùwéébátù ni. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi. Èmi ni mo gba abẹ́rẹ́ yẹn lẹ́ẹ̀mejì, òun kọ́! Tirẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ẹ mú mi lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó bá wù yín, ẹ ṣáà má gún un!"

Adéfọlákẹ́ túmọ̀ rẹ̀ kíákíá. Solange rọra gbé abẹ́rẹ́ náà sínú abọ́. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó bi Sùwéébátù, Adéfọlákẹ́ ń túmọ̀: ọdún wo ni, kí ló wú, ṣé ó lè mí? Lẹ́yìn náà ló pe dókítà, wọ́n sì mú oògùn mìíràn.

Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró. Ìyẹn gan-an le. Adélànà ń wo ẹnu ọ̀nà lemọ́lemọ́. Nígbà tó sú u, ó lọ bá Adéfọlákẹ́.

"Ìgbà wo làwọn ọlọ́pàá máa dé?"

"Ọlọ́pàá wo, Bọ̀dá?"

"Àwọn tí ẹ ń kó orúkọ wa fún. Àbí ẹ ò gba prímù ni?"

Adéfọlákẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú ọkùnrin náà, ó gbé e mì. "À ń gbà á. Owó ìwúrí ni, kí àwọn ilé ìwòsàn lè fi ìwé tí eku ń jẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ka orí èèyàn san án. Kéèyàn kàn gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀ ò mú nǹkan wá. Ẹni tó ń yẹ̀ wá wò máa ń bèèrè pé: ṣé ẹ kọ àlẹ́jì rẹ̀, ìyẹn ohun tí ara rẹ̀ ò gbà? Ṣé ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó fún un lóògùn? Bí a ò bá lò ó fún ìtọ́jú yín, prímù ò sí."

"Ta ló wá lè ṣí i?"

"Àwa tí à ń tọ́jú yín. Kálukú wa ló ní kóòdù tirẹ̀, ẹ̀rọ náà sì ń kọ orúkọ ẹni tó bá ṣí i sílẹ̀. Káánẹ́ wà lọ́wọ́ yín, dósíè wà lọ́dọ̀ wa. Ohun tí ẹ bá sọ fún wa la máa ń kọ síbẹ̀. Bí ẹ bá sọ ti ẹlòmíràn, ti ẹlòmíràn náà la máa fi tọ́jú yín."

Ràyhánà na ọrùn. "Kí ló tún wà níbẹ̀ nípa tèmi?"

"Tàǹtí, lọ́dọ̀ wa níbí, oyún oṣù mẹ́sàn-án wà nínú yín."

"Háà!" Adélànà pàtẹ́wọ́. "Kí ọkọ yín má gbọ́ o!"

"Kì í ṣe ẹ̀rín o," Adéfọlákẹ́ wí. "Ká ní ibà mú yín wá síbí lánàá, oògùn míì wà tí a ò bá máa fún yín, torí oyún tí ẹ ò ní."

Wọ́n ń pe ìrun Àsárì nígbà tí ọmọ ké. Ràyhánà kúnlẹ̀ síbi tó wà, lórí sìmẹ́ǹtì. Solange jáde wá, ó nu òógùn. Obìnrin ni. Ìyá rẹ̀ ti ń bèèrè omi.

"Ẹ̀yin àti ìyá ọmọ yìí," ni agbẹ̀bí náà wí, Adéfọlákẹ́ ń túmọ̀, "inú ń bí mi. Lọ́la ni mo máa bá yín jà. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ gidi fún mi nísinsìnyí."

"Sùwéébátù," ni Ràyhánà dáhùn. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta títí wọ́n fi kọ ọ́ pé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bóyá káánẹ́ ẹlòmíràn wà nínú àpótí tiyín náà, tàbí tiyín wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àánú ló mú Ràyhánà yá a, àánú yẹn ló sì kù díẹ̀ kó gbẹ̀mí. Orúkọ tiyín ni kí ẹ fi gba ìtọ́jú. Bí oògùn kan bá ti yọ yín lẹ́nu rí, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bi yín, bí ẹ ò bá sì gbọ́ èdè wọn, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání. Ẹ ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n kọ sínú kọ̀ǹpútà fún yín létí. Bí ẹ̀rù bá ń bà yín, ẹ bèèrè ẹni tó lè rí i. Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹni tó bá sì ti yá káánẹ́ rẹ̀ fún èèyàn, kó lọ sọ òótọ́ lónìí tí ara rẹ̀ le, kí wọ́n lè tún un ṣe. Kó má dúró dìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti wà lọ́wọ́ agbẹ̀bí.

Kí wọ́n tó kúrò níbẹ̀, Adélànà padà sójú fèrèsé. Ó wẹ̀yìn, ó wúkọ́. "Ẹ kọ tèmi náà. Adélànà. Kúlórókúìnì, oògùn ibà yẹn, máa ń yún mi lára fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ kọ ọ́ gàdàgbà."

Nínú àgbàlá yẹn, wọ́n ṣì ń yá ara wọn ní áyọ́ọ̀nù. Ọmọ odó ṣì ń ti yàrá dé yàrá. Káánẹ́ méjì ló wà nínú àpótí Ràyhánà báyìí, tirẹ̀ àti ti Ìkírámù ọmọ rẹ̀. Ti Sùwéébátù wà ní yàrá Sùwéébátù.