Ẹni Tó Ka Ọmọlabí Mọ́ Bọ́tìnnì

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ẹ fi òwe yẹn sápò, nítorí inú eérú gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ Túsìdeè ni Alàgbà Olúṣẹ̀yẹ, olórí ẹbí, rí i lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Mowe. Ìwé ìtàn ìdílé wọn, tí bàbá rẹ̀ ti ń fi ọwọ́ kọ láti ayé ìgbà kan, ti jóná. Awọ ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù. Lọ́jọ́ kejì gan-an ni wọ́n fẹ́ kó àkọsílẹ̀ àwọn ilé inú ẹbí lọ sí kóòtù ní Ìfọ̀, ilé tí kò bá sì sí nínú rẹ̀ kò ní ìpín kankan nínú ilẹ̀ wọn mọ́.

Inspẹ́kítọ̀ Kòfowórọlá dé láti Ìbàfọ̀ kí oòrùn tó mú. Ó fi igi tú eérú náà wò. Kò sí ìdọ̀tí nínú rẹ̀, ìwé nìkan ni.

"Bàbá, ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí ìwé yìí?"

"Èmi ni. Abẹ́ ìrọ̀rí mi ló ń gbé, kò sí ọmọ ẹbí tí kò mọ̀. Mo sì wà ní ìpàdé àdúrà láti àárọ̀ àná di ọ̀sán."

"Ìgbà wo lẹ kọ nǹkan sínú rẹ̀ gbẹ̀yìn?"

"Ọjọ́ Àìkú. Wọ́n sọ ọmọ-ọmọ Ìyá Ròkíátù, ti ilé Ọmọlabí, lórúkọ lọ́jọ́ Sátidé, mo wá hun ìlà oríkì kan fún un: 'Àdùkẹ́, ẹní tuntun tí a tẹ́ sílé baba, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ká a.' Mi ò tíì kì í sétí ẹnikẹ́ni."

Inspẹ́kítọ̀ kọ ìlà náà sínú ìwé rẹ̀, ó sì gba ṣọ́ọ̀bù Bólúwadúró lọ.

Bólúwadúró ni ọmọ ẹbí tó mọ kọ̀ǹpútà. Òun ló da ìtàn ìdílé sórí ojú-ewé kan ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì, òun náà ló kọ kóòdù tó sọ ojú-ewé náà di ìwé tí wọn yóò kó lọ sí kóòtù. Orúkọ rẹ̀ ní kó bá Olúwa dúró, ṣùgbọ́n kò dìde kí àgbà. Orí tábìlì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà.

"Màdáámù, ọ̀rọ̀ yìí máa le díẹ̀ fún ọlọ́pàá o. HTML la ń pè é. Ohun tí ẹ rí tó dára lójú fóònù yẹn, àmì ló kún abẹ́ rẹ̀. Kóòdù mi ló ń ka àwọn àmì náà, ló wá ń sọ ọ́ di PDF, ìwé tí ẹ lè tẹ̀ sórí bébà."

Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń fún ọmọ ọwọ́ lẹ́kọ mu. Ọdún mẹ́rin ni Inspẹ́kítọ̀ fi ṣe irú iṣẹ́ yìí ní ọ́fíìsì wọn l'Abẹ́òkúta, ó sì ti rí kóòdù tó dára ju èyí lọ lọ́wọ́ àwọn tí ẹnu wọn kò tó ti ọ̀gbẹ́ni yìí.

"Ìgbà wo lo fojú kan ìwé àtijọ́ náà kẹ́yìn?"

"Láti oṣù kìíní tí mo ti tẹ̀ ẹ́ tán. Kí ni mo fẹ́ fi ìwé tí ikán ti jẹ ṣe? Ẹ lọ bi Ìyá Ròkíátù ní Ìfọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé ló ń jó ìwé."

"Fún mi ní ẹ̀dà ti kóòtù."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ogójì ojú-ewé ni o. Ẹ ó ti sùn kí ẹ tó dé ìkẹta."

Ní Ìfọ̀, Ìyá Ròkíátù ń já ewé fún ewúrẹ́ rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù tuntun kún ẹ̀yìn ilé rẹ̀ dé fèrèsé.

"Mọ̀mí, ta ló ni búlọ́ọ̀kù yìí?"

"Bólúwadúró ni. Ó ní òun ń bá ọ̀rẹ́ òun tọ́jú ẹ̀ ni. Ó ti pé oṣù méjì."

"Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ jó ìwé ìdílé."

"Èmi? Ìwé tí orúkọ Ọmọlabí bàbá mi wà nínú rẹ̀? Ẹni tí ilé rẹ̀ jẹ́ koríko kì í fi iná ṣeré, ọmọ mi. Ilé yìí ni wọ́n bí mi sí. Níbo ni kí n tún lọ?"

Inspẹ́kítọ̀ jókòó sórí àpótí. Ó ṣí ojú-ewé náà lórí fóònù, ó gbé ìwé kóòtù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé márùn-ún ló wà lórí fóònù, ilé Ọmọlabí sì ni ìkẹta. Mẹ́rin péré ló wà lórí ìwé. Ó fa kọ̀ǹpútà rẹ̀ yọ, ó wo abẹ́ ojú-ewé náà, ó sì pòṣé.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, gbogbo wọn ti pé sí pálọ̀ Alàgbà.

"Bólúwadúró," ni Inspẹ́kítọ̀ wí, "bọ́tìnnì kan wà lórí ojú-ewé rẹ tí wọ́n fi ń pín in fún ẹlòmíràn. Kí ló dé tí kò sí lórí ìwé?"

"Ta ló ń tẹ bọ́tìnnì lórí bébà? Mo fi àmì kan sí i ni. Ohun tó bá ti ní àmì yẹn, kóòdù mi á fò ó."

"Níbo ni àmì náà tún wà?"

Inspẹ́kítọ̀ yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí gbogbo wọn.

"Orí ilé Ọmọlabí. O ka òkú àgbà mọ́ bọ́tìnnì."

"Àṣìṣe kóòdù ni."

"Kóòdù kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ohun tí o ní kó ṣe ló ṣe. Àṣìṣe náà ló sì jó ìwé, àbí? O ní o kò fojú kàn án láti oṣù kìíní. Oríkì Àdùkẹ́ wà lórí ojú-ewé rẹ, ìlà tí Bàbá kọ sínú ìwé yẹn nìkan, lọ́jọ́ Àìkú. O ṣí àpótí nígbà tí Bàbá wà ní ìpàdé àdúrà. O da ìlà náà kọ kí Bàbá lè rí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ lórí fóònù, kí inú rẹ̀ dùn, kó má yẹ bébà wò. Lẹ́yìn náà lo wá dáná sun ẹlẹ́rìí. O ti kó búlọ́ọ̀kù sórí ilẹ̀ onílẹ̀ kí o tó pa orúkọ onílẹ̀ náà rẹ́."

Bólúwadúró kùn lábẹ́ ahọ́n: "Ta nínú yín ló máa ń ka ogójì ojú-ewé?"

"Gbogbo ọgbọ́n rẹ náà nìyẹn," ni Inspẹ́kítọ̀ wí. Ó tọ́jú ẹ̀dà tó lábùkù fún ẹ̀rí, ó yọ àmì náà kúrò, ó sì mú kí kóòdù náà tún ṣiṣẹ́. Ilé márùn-ún jáde. Alàgbà gba ìwé náà, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ojú-ewé kan lẹ́yìn èkejì, kò sì sí ẹni tó sùn.

Bí wọ́n ti ń mú ọ̀mọ̀wé náà jáde, Ìyá Ròkíátù dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bólúwadúró, jọ̀ọ́, ní kí wọ́n wá kó búlọ́ọ̀kù yẹn. Ó dí ọ̀nà ewúrẹ́ mi."