Mílígíráàmù Mẹ́tàlélógójì

Bí a bá wọn ohun tí afẹ́fẹ́ gbé wá lónìí, tí a sì tún wọn ti ọ̀la, nọ́ńbà méjèèjì kì í dọ́gba. Afẹ́fẹ́ kò mọ ìṣirò. Síbẹ̀, ọjọ́ mẹ́jọ léra wọn ni bébà asẹ́ inú ẹ̀rọ kan ní Ìyìn-Èkìtì ń gbé dúdú èéfín tí ó wọn mílígíráàmù mẹ́tàlélógójì géérégé, kò lé, kò dín, níbi tí iná kankan kò ti jó mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ìwé tí a kọ nọ́ńbà náà sí wà, déètì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkọ̀ọ̀kan, obìnrin kan ṣoṣo ni ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo rẹ̀.

Ọmọ́bọ́láńlé ni orúkọ rẹ̀. Òkè-Ìlá ní Adó ni ó ń gbé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa ṣọ́ àwọn hóró wẹ́wẹ́ tí ń léfòó nínú afẹ́fẹ́, èyí tí ojú lásán kò lè rí. Ẹ̀rọ méjì ni ọ̀gá rẹ̀, Dókítà Adérẹ̀mí, fi sí ìkáwọ́ rẹ̀: ọ̀kan lórí òrùlé ilé tí ó ń gbé, èkejì lórí òpó irin lẹ́yìn ẹbu kan tí wọ́n ti ń yan gàrí ní Ìyìn. Ẹ̀rọ a máa fa afẹ́fẹ́ gba inú bébà funfun. Afẹ́fẹ́ á kọjá, ẹrù rẹ̀ á ṣẹ́kù. Ọmọ́bọ́láńlé á ká bébà náà, á fi í sínú énfílóòpù, á kọ orúkọ ibi tí ó ti mú un àti ọjọ́ sí i lára, á sì gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n. Bí ó bá pupa rúsúrúsú, erùpẹ̀ aṣálẹ̀ tí ọyẹ́ gbé wá ni. Bí hóró rẹ̀ bá ń dán, tí ó ní igun lábẹ́ maikirosíkóòpù, iyọ̀ òkun ni. Bí ó bá dúdú, èéfín ni. Èéfín pàápàá sì ní ìran tirẹ̀. Ti igi ń gbé eérú dání. Ti jẹnẹrétọ̀ ń rùn bí epo. Ó fẹ́ràn iṣẹ́ náà bí ẹlòmíràn ti fẹ́ràn ayò.

Ní ìparí oṣù kejì, bébà dúdú kan jáde láti inú énfílóòpù tí a kọ Ìyìn sí. Mílígíráàmù mẹ́tàlélógójì. Òjò àkọ́rọ̀ ti pẹ́ lọ́dún náà. Àwọn àgbẹ̀ ti kọ ebè tán, wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n ní kí ọmọ wọn tí ó mọ̀wé wá sọ ohun tí ó rí. Ọmọ Ìyìn ni lóòótọ́. Inú ẹbu yẹn ni ìyá rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ti yan gàrí títí ọmọ fi jáde ilé ìwé gíga.

Ó dìde, ó ṣàlàyé. Ó ní erùpẹ̀ ọyẹ́ ń ta ìtànṣán oòrùn padà sókè, ó sì ń dín ooru ọ̀sán kù. Ó ní iyọ̀ òkun fẹ́ràn omi, òun ni ìkùukùu fi ń sanra. Ṣùgbọ́n dúdú èéfín ń gbé oòrùn mì. Ó ń mú afẹ́fẹ́ gbóná, ó ń gbẹ ìkùukùu. Bí hóró rẹ̀ bá sì pọ̀ jù lókè, ìwọ̀nba omi tí ó wà ni gbogbo wọn yóò pín, bí ìgbà tí ogún ènìyàn bá pín òkèlè kan. Kò sí ẹ̀kán kan tí yóò wúwo tó láti jábọ́. Ó ka nọ́ńbà náà àti ọjọ́ tí ó mú bébà náà sí wọn létí. Ohùn rẹ̀ dún ketekete. Kò sọ fún wọn pé èéfín ẹbu kan ṣoṣo kò lè dá òjò ìlú dúró. Ó yẹ kí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi omi pa ààrò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú ẹbu náà. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ obìnrin mẹ́fà. Wọ́n sì dá ọjọ́ Sátidé kan tí wọn yóò wó ẹbu náà palẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìpàdé, Ọmọ́bọ́láńlé gbé bébà dúdú náà sábẹ́ maikirosíkóòpù. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó yára gbójú kúrò bí ẹni tí ó ṣèèṣì ṣílẹ̀kùn bá àgbà ní ìhòòhò. Ohun tí ó rí, kò kọ ọ́ sínú ìwé. Dókítà Adérẹ̀mí ti fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ lókè òkun; ó ti yìn ín lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Ọmọ́bọ́láńlé sọ fún ara rẹ̀ pé òun yóò jẹ́wọ́. Ó ní kí ọ̀sẹ̀ kan kọjá ná.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tí ì kọjá tán tí bébà Ìyìn fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú.

Ọjọ́bọ̀ ni ti àkọ́kọ́. Ó wọ̀n ọ́n, ó rí mẹ́tàlélógójì, ó rò pé òṣùwọ̀n ni ó bàjẹ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, ó lo òṣùwọ̀n mìíràn. Mẹ́tàlélógójì. Ní Sátidé, ó lo bébà tuntun tí ọwọ́ ẹnìkan kò tí ì kàn. Bákan náà ni. Ní ìdájí ọjọ́ Àìkú, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ó rí i tí àwọn ènìyàn ń wọlé, tí wọ́n ń jáde. Òun kò dìde. Láti ibẹ̀ ó gba Ìyìn lọ, ó ká bébà. Kò sí ìyàtọ̀.

Ní ọjọ́ Ajé, ó pa ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ kò lè fa afẹ́fẹ́. Bébà dúdú. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó fi téèpù di ẹnu ẹ̀rọ náà pinpin. Bébà dúdú. Ó gbé e sábẹ́ maikirosíkóòpù, ọkàn rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì. Èéfín igi ni. Eérú wà nínú rẹ̀. Láàárín eérú náà, hóró gàrí kéékèèké wà níbẹ̀, wọ́n funfun, wọ́n mọ́. Gbogbo ohun tí ó sọ ní ìpàdé, bébà náà ti ń sọ ọ́ tẹ̀lé e.

Ní Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀, mẹ́tàlélógójì náà ni. Ó pe Dókítà Adérẹ̀mí lórí fóònù, ó ní nọ́ńbà kan náà ni òun ń rí lójoojúmọ́. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín.

“Àbí o ti ń kọ nọ́ńbà láìwọ̀n ni?”

Àwàdà ni ó fi ṣe. Etí Ọmọ́bọ́láńlé gbóná. Ó pa fóònù.

Gbogbo ọjọ́ wọ̀nyí, òwúrọ̀ kùtùkùtù ni ó ń lọ sí Ìyìn, kí àwọn obìnrin ẹbu tó jáde. Ojú ń tì í láti kí wọn.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ Ẹtì, ọ̀la ni wọn yóò wó ẹbu. Ó jókòó sí pálọ̀ ilé rẹ̀ ní Òkè-Ìlá, ó gbé páálí bébà kan tí ilé iṣẹ́ dì wá, tí kò tí ì jáde nílé rí. Ó ya á. Òórùn gàrí tí a ń yan lọ́wọ́ gba gbogbo pálọ̀ náà. Bébà tí ó wà lókè pátápátá dúdú. Àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ funfun báláú. Kò gbé e sórí òṣùwọ̀n. Kò nílò rẹ̀.

Ó wọ ọkọ̀ Ìyìn.

Ọ̀sán gangan ni ó débẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, wọn kò ṣe nǹkan kan. Wọ́n ti fi tapólì bo ẹnu ẹbu. Atẹ́gùn kò fẹ́. Abọ́sẹ̀dé, tí ó kéré jù nínú wọn, ni ó kọ́kọ́ rí i.

“Ọ̀gá òjò ti dé,” ó ní. “Ẹ bi í bóyá ó gbé e dání nínú báàgì.”

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ọmọ́bọ́láńlé kúnlẹ̀ kí Màmá Bámgbóyè, àgbà wọn, ẹni tí ó jókòó ti ìyá Ọmọ́bọ́láńlé nídìí ààrò fún ọdún mọ́kànlélógún. Ibi tí ó kúnlẹ̀ sí náà ni ó ti gbọ́ ọ. Inú ẹbu ni ó ti ń wá. Fàrà. Fàrà. Ìró igbá tí ń ha agbada, lọ bọ̀, lọ bọ̀, pẹ̀lú sùúrù.

“Ta ni ó wà nínú ibẹ̀, Màmá?”

“Ìwọ náà gbọ́?”

“Mo gbọ́, mà.”

“Láti ọjọ́ tí wọ́n ti pa iná ni. Ọ̀sán ni wọ́n máa ń yan án.”

“Àwọn wo?”

Màmá Bámgbóyè fi ojú ka orí bẹ́ǹṣì láti ìkángun kan dé ìkejì.

“Mo ti kà wá,” ó ní. “Gbogbo wa pé síta níhìn-ín.”

Ọmọ́bọ́láńlé dìde, ó ká tapólì sókè. Ààrò mẹ́fà, eérú inú wọn ti dì bí amọ̀. Ó ti ọwọ́ bọ ọ̀kan. Ó tutù. Aláǹgbá kan sùn sínú agbada. Ìró náà kò dáwọ́ dúró. Kọ̀rọ̀ apá òsì ni ó ti ń wá, níbi tí ààrò kankan kò sí mọ́. Ìyá rẹ̀ ni ó ni kọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Ó ju tapólì sílẹ̀, ó padà síta, kò sì wo ojú ẹnìkan.

Màmá Bámgbóyè ní kí ó jókòó. Ó ní àwọn kò bá a jà. Bí èéfín àwọn bá ń pa ìlú lára lóòótọ́, ó ní, kí wọ́n wó o lọ́la, àwọn á wá uṣẹ́ mìíràn. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó tún sọ̀rọ̀, bí ẹni tí ń wá ọ̀nà tí yóò fi béèrè nǹkan lọ́wọ́ ẹni tí ó jù ú lọ.

“Ohun kan ló ń dà mí láàmú. Ọjọ́ tí o kà nípàdé yẹn, tí o ní o mú bébà náà, ọjọ́ ìsìnkú Bàbá Adébíyìí ni. Gbogbo wa la wà ní ulé òkú. A ò dáná níbí lọ́jọ́ náà.”

Ọmọ́bọ́láńlé gbójú sókè wò ó.

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ nípàdé, Màmá?”

“Ìwọ lo mọ̀wé,” obìnrin náà dáhùn. “Mo rò pé bóyá èéfín ti àná ni.”

Abọ́sẹ̀dé gbójú sílẹ̀. Lẹ́yìn tapólì, igbá ń ha agbada lọ. Gbogbo wọn ń gbọ́ ọ, ẹnìkan kò yíjú sí i.

Ọmọ́bọ́láńlé tún kúnlẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kì í ṣe láti kí wọn.

“Kì í ṣe èéfín yín, Màmá. Mo ṣi énfílóòpù méjèèjì kọ. Bébà tó wá láti ìhín, erùpẹ̀ ọyẹ́ lásán ló wà lára rẹ̀. Èyí tó dúdú, Òkè-Ìlá ni mo ti mú un. Jẹnẹrétọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé mi ló ṣe é, jẹnẹrétọ̀ tèmi. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kẹta ìpàdé, mo sì dákẹ́.”